Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ibi Tí Ẹ̀yà Kọ̀ọ̀kan Kóra Jọ Sí ní Lọ́kọ́jà

Ẹ má ti mọ́sáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ ti ń wá jọ́sìn. Ilé ni kí ẹ kà. Ẹ mú ilé 20 ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kẹta-kẹta (ẹ fo méjì, ẹ mú ìkẹta), ẹ má ṣà wọ́n. Ìrọ̀lẹ́ ló dára, tí wọ́n bá ti ọjà dé. Èdè wo ni wọ́n ń sọ nínú ilé? Onílé ni àbí ayálégbé? Ta ló bá wọn wá yàrá? Èyí ló ń tú àṣírí: ará ìlú ẹni ló sábà máa ń fà wá.

Orúkọ a máa tanni: láàrin àwa Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan. “Yorùbá” nìkan kò sì tó. Ẹ kọ ẹ̀ka Òkun tí wọ́n jẹ́: Òwé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀.