Ìgbàgbọ́ tó ń fọ́ tí wàhálà bá dé: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ láàárín àwa Kristẹni

Tẹ́ ẹ bá jókòó ti ẹni tó ti fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ dáadáa, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ máa rí i pé kì í ṣe pé ẹnì kan bá a jiyàn títí tó fi gbà pé kò sí Ọlọ́run. Nǹkan kan ló ń retí, kò rí i gbà, ó wá bínú. Tẹ́ ẹ bá sì tú ọ̀rọ̀ náà wò, nǹkan ọ̀hún gan-an, Ọlọ́run ò fìgbà kan ṣèlérí ẹ̀, àwa èèyàn la bá a ṣe é.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe tó ga jù wà, ká máa rò pé ìgbàgbọ́ ni kò ní jẹ́ kí wàhálà dé. Ẹ lọ ka Mátíù 7, ilé orí àpáta àti ilé orí iyanrìn, òjò kan náà ló rọ̀ sí méjèèjì, ìkún omi kan náà, atẹ́gùn kan náà. Ohun tí Jésù fi yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ọ̀kan gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀ ó sì ṣe é, èkejì gbọ́, kò ṣe é. Àwọn méjèèjì ló gbọ́ ìwàásù o! Torí náà ẹni tó ń pariwo Àmín ju gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì lọ ṣùgbọ́n tí ò lè dárí ji àbúrò ẹ̀, tó ń purọ́ níbi iṣẹ́, orí iyanrìn ló ń kọ́lé sí, bó ti wù kí àdúrà ẹ̀ gbóná tó.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni gígé ẹsẹ Bíbélì sọ́tọ̀. Ta ni ò mọ Jeremáyà 29:11, níbi tí Ọlọ́run ti ní èrò àlàáfíà lòun ní sí wọn, láti fún wọn ní ìrètí àti ọjọ́ ọ̀la? Ó wà lórí status, ó wà lára ògiri, ó wà lára kálẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ta ló ka ẹsẹ 10? Lẹ́tà ni Jeremáyà kọ sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, ẹsẹ 10 sì sọ fún wọn pé 70 ọdún gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó padà sílé. 70 ọdún! Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ lẹ́tà yẹn, Bábílónì ni wọ́n máa kú sí. Ẹsẹ 5 sí 7 ní kí wọ́n kọ́lé, kí wọ́n gbin nǹkan, kí wọ́n fẹ́yàwó, kí wọ́n tún máa gbàdúrà fún ìlú tí wọ́n kó wọn lọ. Ní orí 28, wòlíì kan tó ń jẹ́ Hananáyà ti sọ fún àwọn èèyàn pé kó tó pé ọdún 2 gbogbo ẹ̀ á ti parí. Ẹ má tàn ara yín, ká ní àwa náà wà níbẹ̀, Hananáyà la máa pàtẹ́wọ́ fún. Ó kú lọ́dún yẹn gan-an, àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀ ò sì ṣẹ. Ẹni tó wá gbé ìgbàgbọ́ ẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Hananáyà ńkọ́, tí ọdún kẹta bá dé, kí ló fẹ́ dì mú? Fílípì 4:13 náà nìyẹn, Pọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀wọ̀n ló kọ pé òun lè ṣe ohun gbogbo, ẹsẹ tó ṣáájú ẹ̀ sì sọ pé òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń wà nínú ebi àti nínú àìní.

Ẹ má sì fi iyèméjì pa mọ́. Àwọn kan máa ń rò pé téèyàn bá ti béèrè ìbéèrè, ó ti ṣẹ̀ nìyẹn, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí inú wọn ti dàrú. Jòhánù Onítẹ̀bọmi ṣáà ni, ẹni tó ri Jésù bọmi fúnra ẹ̀, nígbà tó dé ẹ̀wọ̀n ó ránṣẹ́ pé ṣé ìwọ lẹni tó ń bọ̀ àbí ká máa retí ẹlòmíì (Mátíù 11). Jésù ò lé àwọn tó rán wá, ó dá wọn lóhùn. Bàbá inú Máàkù 9:24 náà sọ pé òun gbàgbọ́, kí Jésù ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́, ọmọ ẹ̀ sì rí ìwòsàn. Kẹ́ ẹ ṣáà kíyè sí i pé ọ̀dọ̀ Jésù làwọn méjèèjì gbé tiwọn lọ.

Pásítọ̀ kì í ṣe Ọlọ́run, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àwọn ará Bèróà inú Ìṣe 17:11 yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni Pọ́ọ̀lù ń sọ, Bíbélì sì yìn wọ́n fún un.

Ẹ wo wòlíì Èlíjà náà. Iná ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Kámẹ́lì, kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tó sá fún Jésíbẹ́lì, ayaba tó fẹ́ pa á, ó fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Bíá-Ṣébà, òun nìkan wọ aginjù, ó ní kí Ọlọ́run pa òun (1 Àwọn Ọba 19). Ọlọ́run ò kọ́kọ́ wàásù fún un o. Ó sùn, áńgẹ́lì jí i pé kó jẹun, ó tún sùn, wọ́n tún jí i pé kó jẹun. Ìgbà míì, ohun tá à ń pè ní ìkọlù ẹ̀mí, àìsùn ni. Tí ìbànújẹ́ bá sì wá pẹ́ lára èèyàn, kó lọ rí dókítà, ìyẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rárá, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Èlíjà ní òun nìkan ló kù, Ọlọ́run ní òun ṣì ní 7,000 èèyàn tó ń sin òun, ó sì fún un ní Èlíṣà tó máa ràn án lọ́wọ́. Torí náà ẹni tí nǹkan bá ti ń le fún tó wá ń sá fún àwọn ará, tó ní òun á máa wo ìsìn lórí fóònù, ńṣe ló ń fi ìránṣẹ́ ẹ̀ sílẹ̀ ní Bíá-Ṣébà.

Èyí tó kù ni ká dúró dìgbà tí wàhálà bá dé ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì. Àwọn míì á tún fi ìtara bẹ̀rẹ̀ látorí Jẹ́nẹ́sísì pé àwọn á parí gbogbo ẹ̀ lọ́dún kan, tí wọ́n bá dé Léfítíkù, ó parí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí Máàkù, òun ló kúrú jù nínú ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí 16 péré, orí kan lójúmọ́ sì tó. Ẹ kàn má fo ibi tó bá le.