Kí ẹnì kan mọ̀ pé o ò tíì sọ̀kalẹ̀: bí a ṣe ń wọ ẹgbẹ́ agunkè

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mí. Òkè Olósùnta la máa ń kọ́kọ́ rí láàárọ̀ kí a tó rí oòrùn. Nígbà tí mo dé Munich láti kàwé, tí ẹnì kan ní kí n wá forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ agunkè ilẹ̀ Jámánì, ẹ̀rín ni mo rín. Èmi ọmọ Èkìtì, kí n máa sanwó nítorí òkè?

Àmọ́ mo rántí ọjọ́ kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo dá gun àpáta ẹ̀yìn àdúgbò wa, òjò dé, àpáta wá ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Abẹ́ òkúta ni mo sùn mọ́jú. Nílé, wọ́n rò pé mo wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ìyá àgbà rò pé mo wà nílé. Kò sẹ́ni tó wá mi. Mo gba fọ́ọ̀mù.

Tí o bá wà ní Jámánì, Deutscher Alpenverein ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́. Munich ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́dún 1869, ọmọ ẹgbẹ́ sì ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ẹ̀ka ni wàá wọ̀, kì í ṣe olú ilé-iṣẹ́, nítorí náà mú èyí tó sún mọ́ ọ: àwọn ni wàá máa bá jáde. Èmi fẹ́ràn ẹ̀ka kékeré, ibi tí wọ́n ti máa ń béèrè ẹni tí kò wá. Ẹni tó bá wọlé láti oṣù kẹsàn-án, owó ìyókù ọdún náà máa ń dínkù. Tí o bá sì fẹ́ kúrò, kọ̀wé kí ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹsàn-án tó kọjá.

Kí lowó náà ń ṣe? Adójútòfò wà nínú rẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá ní láti wá gbé ọ lórí òkè. Ibùsùn máa ń dínwó fún ọ nínú ahéré ẹgbẹ́, ìyẹn ilé orí òkè tí àwọn agunkè ń sùn sí. Ní ọ̀pọ̀ ahéré orí òkè, ọmọ ẹgbẹ́ lè jẹ oúnjẹ tó gbé wá, kó ra omi gbígbóná fi po tíì. (Mo ti fi omi náà tẹ ẹ̀bà rí. Wọ́n wò mí títí.)

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ló tún wúlò jù. Kí ẹ tó fẹsẹ̀ lé òkúta, ẹnì kejì rẹ yóò yẹ kókó okùn rẹ wò, ìwọ náà yóò yẹ tirẹ̀ wò. Tí wàhálà bá dé, fọn fèrè tàbí tan tọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ yóò fèsì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ìwé kan tó wà nínú gbogbo ahéré wọn. Wàá kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, àti ibi tó kàn tí ò ń lọ. Tí o bá sọnù, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ.

Ìyẹn ni mo gbé wálé. Ẹ má dúró de ẹgbẹ́ ńlá. Ẹ̀yin márùn-ún ti tó. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ọ̀nà tí ẹ gbà àti aago tí ẹ ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ fi í sọ́wọ́ ẹni tí kò bá yín gòkè. Tí wákàtí kan bá kọjá lórí aago yẹn, kó pe àwọn ọdẹ. Ẹ má wọ sílípáàsì. Ibi tó dúdú lára àpáta, ẹ yà fún un tó bá ti tutù. Olósùnta kì í sì í ṣe òkúta lásán, òrìṣà ni. Ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀.

Ọwọ́ ìyá tó ń ta àkàrà nísàlẹ̀ òkè ni ìwé tiwa wà. Tí a bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, fóònù mi á dún: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, àkàrà ti ń tutù o!”