Ẹ má fi àdá gé fúláwà ọgbà yín

Tí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀ dáadáa l'Ékòó, fúláwà tí a fi ṣọgbà yí ilé ká kì í pẹ́ di igbó. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ni pé a ó pe ẹni tó ní àdá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Lọ́dún tó kọjá, àdá ni wọ́n fi gé fúláwà ixora wa ní Súrùlérè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹnu ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti fọ́n bíi pákò tí wọ́n ti rún, èèpo rẹ̀ sì ti bó wálẹ̀ tó ìka méjì. Inú irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni omi òjò ń dúró sí, ibẹ̀ ló ti ń jẹrà wọnú. Igun kan kò tíì hù títí dòní. Ó dùn mí gan-an, ìyá mi ló gbìn ín.

Ẹlòmíì á ra àlùmọ́gàjí ńlá ọlọ́wọ́ méjì, á ní òun ló máa ṣe gbogbo rẹ̀. Ewé àti ọ̀mùnú tí kò nípọn ju pẹ́ńsù lọ ni iṣẹ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá fi tipátipá gé ẹ̀ka líle, nọ́ọ̀tì àárín rẹ̀ á dẹ̀, ojú méjèèjì kò ní pàdé mọ́, ewé á kàn máa ká mọ́ ọn ni.

Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ ya fúláwà náà, kí ẹ wo inú rẹ̀. Ẹ̀ka tí kò ju àtàǹpàkò lọ, bíi sẹ̀ntímítà 2, àlùmọ́gàjí kékeré alọ́wọ́kan ló tọ́ sí i. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ méjèèjì ń kọjá lára ara wọn, kì í tẹ ẹ̀ka tútù fọ́. Tó bá tó sẹ̀ntímítà 4, ẹ lo irú rẹ̀ tó jẹ́ ọlọ́wọ́ gígùn. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ayùn kékeré tó tẹ̀ bíi dòjé.

Ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi ń gé fúláwà yá, ṣùgbọ́n ọgbà tí a ń gé déédéé ló wà fún. Nínú èyí tó ti di igbó, ẹ̀ka ńlá á há sí i léyín. Ẹ má lò ó nígbà tí ewé bá tutù, kí ẹ sì gbé wáyà rẹ̀ kọ́ èjìká, kó má bàa gé wáyà ara rẹ̀.

Agbọ́n ńkọ́? Ẹ fi igi gígùn gbo ọgbà náà láti òkèèrè kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Tí fúláwà yín bá jẹ́ èyí tó ń ṣoje funfun bíi wàrà, ẹ bo ojú, torí oje igi mìíràn lè ba ojú jẹ́.

Ẹ̀yin tó wà ní Erékùṣù, atẹ́gùn òkun yín ń mú irin dípẹtà kíákíá. Ẹ fi àkísà olóròóró nu irinṣẹ́ kí ẹ tó gbé e kọ́.