Ẹ Má Tètè Ta Àgbà Lólobó: Ìdánwò Iyè àti Irú Àrùn Ìgbàgbé

Òṣìṣẹ́ ìlera àti ará ilé tó ń tọ́jú àgbà la kọ ìwé yìí fún. Àṣìṣe kan la rí tó pọ̀ jù: ìwé ìdánwò iyè tí wọ́n kọ "17 nínú 30" sí, tí kò sí ohun mìíràn lórí ẹ̀. Àmì àpapọ̀ lè fi hàn pé nǹkan ń ṣe ọpọlọ, ṣùgbọ́n kò lè sọ irú àrùn ìgbàgbé tó jẹ́. Ibi tí àmì ti bọ́ sọnù ni dókítà fẹ́ mọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àgbà bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ má ṣe ìdánwò kankan. Ibà, àìsàn ìtọ̀, àìmu omi tó tàbí ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè fà á. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ṣe ìdánwò. Kí àgbà náà wọ awò ojú wọn. Ẹ fi èdè tí wọ́n ń sọ nílé bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ka ọ̀rọ̀ 5, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan: ẹyẹlé, gèlè, àmàlà, kànga, ìlù. Kí wọ́n tún un sọ. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n tún un sọ. (Ẹ má fi "ọkọ̀" sí i, ẹni tí etí rẹ̀ ń di lè gbọ́ "ọkọ́" tàbí "ọkọ".) Lẹ́yìn náà, ẹ fi iṣẹ́ mìíràn dí ìṣẹ́jú 5: kí wọ́n dárúkọ ẹranko fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì fi igi ìṣáná 4 to àwòrán tí ẹ ti kọ́kọ́ tò síwájú wọn. Ẹ má fún ẹni tí kò lọ sílé ìwé ní bírò pé kó ya aago; àìmọ̀ọ́kọ lẹ máa dán wò, kì í ṣe ọpọlọ.

Nígbà náà ni kí ẹ béèrè pé, "Àwọn ọ̀rọ̀ wo la sọ lẹ́ẹ̀kan?" Kí ẹ sì dákẹ́. Ibí yìí gan-an ni ọmọ tó jókòó tì wọ́n máa ń sọ pé, "Màmá, èyí tó máa ń fò ńkọ́?" Ìdánwò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ ní kó jáde, ì báà jẹ́ òun ló san owó ọkọ̀.

Ẹ ṣe ìlà 3 sórí ìwé. Èkíní: ọ̀rọ̀ tí wọ́n fúnra wọn rántí. Èkejì: èyí tí wọ́n rántí lẹ́yìn olobó ("ẹyẹ kan wà níbẹ̀"). Ẹ̀kẹta: èyí tí wọ́n mú nínú mẹ́ta ("àdàbà, ẹyẹlé, àbí àṣá?"). Ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Bí olobó bá mú ọ̀rọ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà wọlé, yíyọ rẹ̀ jáde ló nira. A sábà máa ń rí èyí nínú irú tó ń wá láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, pàápàá lára ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù rí. Bí olobó kò bá ran nǹkan kan, tí wọ́n tiẹ̀ ń mú ọ̀rọ̀ tí ẹ kò sọ, ọ̀rọ̀ náà kò dúró rárá: irú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n bá rántí ọ̀rọ̀ dáadáa ṣùgbọ́n tí igi ìṣáná dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ bi ará ilé: ṣé wọ́n ń rí ọmọdé tàbí ẹranko tí kò sí níbẹ̀? Ṣé ara wọn le, tí ẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀? Ṣé orí wọn pé láàárọ̀, tó sì dàrú lálẹ́? Èyí lè jẹ́ irú àrùn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Lewy. Ẹ má ra haloperidol (oògùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú) fún wọn, nítorí ó lè sọ wọ́n di gbagidi, ó sì lè pa wọ́n.

Irú tó ń mú iwájú ọpọlọ lè fi ìdánwò sílẹ̀ láìlábàwọ́n. Ìwà ló ń yí padà, nígbà mìíràn kí ẹni náà tó pé 65. Ìdánwò CSI-D, ìdánwò àrùn ìgbàgbé tí wọ́n lò ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, láti 1992, máa ń bi ará ilé náà léèrè. Ẹ bi í lọ́tọ̀, kì í ṣe lójú àgbà.

Ẹ mú ìwé onílà 3 náà, ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ àti gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò, àgbo pẹ̀lú, lọ bá dókítà. Bí ẹ bá máa tún ìdánwò ṣe, ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ 5 náà.