Ọmọ ẹṣin aláìníyàá: ẹ yé fi owó yín ṣòfò

Láti ìgbà tí fídíò Ojúde Ọba ti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó bá ti rówó díẹ̀ á ní òun fẹ́ ra ẹṣin. Kò burú. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń ra abo tó lóyún, wọ́n ní méjì làwọn rà lówó ẹyọ kan. Tí ìyá bá wá kú síbi ìbímọ, èmi ni wọn á máa pè lóru.

1. Ẹ má fi wàrà àkọ́kọ́, èyí tó ń jáde lọ́mú abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, dọ́la. Wákàtí mélòó kan àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá fi máa pé wákàtí 24, ìfun ọmọ náà kì í gba èròjà adáàbòbò inú rẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ mọ́.

2. Ẹ má da ṣúgà tí ẹ fi ń mu gàrí sínú wàrà rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni.

3. Ẹ má sọ ọ́ di ọmọ ilé. Korobá ni kí ẹ fi kọ́ ọ ní wàrà mímu, ẹ yé gbé e lé itan pẹ̀lú fídà. Ọ̀gá kan ní Ìlọrin jẹ́ kí tirẹ̀ máa bá àwọn ọmọdé jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì lé ọ̀gá léjìká láti kí i. Ọ̀gá gbé apá kọ́rùn fún ìgbà pípẹ́.

Èyí tó kàn ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Wọ́n á ní: "Ẹ mú un sáàárín àwọn ẹṣin yòókù, àwọn abo tó lọ́mọ á gbà á tọ́." Ta ló sọ fún yín? Òórùn ni abo ẹṣin fi ń mọ ọmọ tirẹ̀. Ọmọ ẹlòmíì tó bá forí sábẹ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ tẹ etí sẹ́yìn, á fi eyín lé e, tí kò bá gbọ́, á ta á nípàá. Ọmọ tó ní ìyá lè jẹun lábẹ́ òjìji ìyá rẹ̀. Ta ló máa dúró ti aláìníyàá? Ẹ tún wá mú un wọlé lásìkò tí wọ́n ń da dúsà, eèrí ọkà, fún wọn! Ká má tíì sọ ti akọ tí wọn ò tẹ̀ lọ́dàá, tó lè pa ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo wà níbì kan tí ọmọ ẹṣin na ọrùn sí abo àgbàlagbà kan, tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé, pà, pà, pà. Abo yẹn ti yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú wọn bá fa pàṣán yọ, ó ní ọmọ náà fẹ́ gé abo jẹ. Gé e jẹ kẹ̀! Ìdọ̀bálẹ̀ tiwọn nìyẹn: "ọmọdé ni mí, ẹ má lù mí." Gbogbo ẹṣin tú ká, ọmọ sá lu wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Ẹni tó ni ín tún ń bi mí bóyá dókítà ẹran lè dín owó kù.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọgbà sáàárín wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n máa gbóòórùn ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní alábàárìn ẹyọ kan: akọ àgbà tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó ní sùúrù, tàbí abo àgbà tí kò lọ́mọ lẹ́yìn. Kó tó di pé ẹ fi ẹlòmíì kún un, ẹ jókòó wo etí wọn. Ìyàwó mi máa ń béèrè ẹni tó ń sanwó fún mi láti máa wo etí ẹṣin láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò sẹ́ni.

Ìkarùn-ún, àbí ìkẹfà: igbá oúnjẹ gbọ́dọ̀ ju iye ẹṣin lọ, kí wọ́n sì jìnnà síra. Ẹ gbé igi dábùú ọ̀nà kan tí ọmọ nìkan lè gba abẹ́ rẹ̀, kí tirẹ̀ wà lọ́hùn-ún.

Ẹ má sì máa sáré wọlé nígbàkigbà tí àgbà bá lé e sẹ́yìn. Ìyẹn kì í ṣe ìjà. Tí wọ́n bá ń lé e kiri tí kò ráyè jẹun tàbí sùn, ẹ mú un jáde.

Tó bá ń jẹ ìgbẹ́ tútù àwọn àgbà, ẹ fi sílẹ̀, ó ń tún inú rẹ̀ ṣe ni. Kí ẹ sáà ti fún àwọn àgbà yẹn lóògùn aràn.