Ẹ ka mímí aláìsàn kẹ́ẹ tó so bípì mọ́ ọn lápá

Ọ̀kun o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Kàbà, Ìsánlú, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé aláìsàn wọlé báyìí, ẹ̀rọ bípì, ìyẹn èyí tá a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, la máa ń sáré lọ gbé, tí nọ́ńbà tòkè bá ti lè jẹ́ 110 ọkàn wa á balẹ̀, a á ní kí wọ́n lọ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Bípì máa ń pẹ́ kó tó já, pàápàá lára ọ̀dọ́ àti aboyún, nígbà tó bá fi máa já, ó ti ń bọ́ lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kí i, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, kí ló ń ṣe yín?" Tí wọ́n bá fèsì tó já geere, ọ̀fun là nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ sì ń dé ọpọlọ. Tó bá ń hanrun tẹ́ẹ jí i tí ò jí, kì í ṣe oorun o, ahọ́n tàbí itọ́ ló dí i lọ́fun, ẹ gbé àgbọ̀n ẹ̀ sókè kẹ́ẹ fa itọ́ yẹn jáde. Àwọn tí ọkọ̀ gbá lójú ọ̀nà Ọbájànà ńkọ́, ẹ má yí ọrùn wọn, ẹ kàn ti egungun àgbọ̀n síwájú.

Mímí ló kàn. Ẹ wo àyà, kẹ́ẹ fi aago kà á fún odindi ìṣẹ́jú kan, ẹ má kàn kọ 20 sínú fáìlì. Ẹ má sì sọ fún un pé ẹ̀ ń kà á, torí á yí i padà, ẹ di ọwọ́ ẹ̀ mú bíi pé pọ́ọ̀sì, ìyẹn bí iṣan ọwọ́ ṣe ń lù, lẹ̀ ń kà. Àgbàlagbà tára ẹ̀ dá, 12 sí 20 ló ń mí ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti di 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀, tàbí tó jẹ́ 8 wálẹ̀, ẹ pe dókítà lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, bàbá àgbẹ̀ kan wọlé lálẹ́, bípì ẹ̀ 120, mo kọ 20 láì kà á, àwọn ọmọ ẹ̀ ní ó ti ń sùn ní tiẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi dákẹ́. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìka láti fi wo ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀, tó bá ti wà lábẹ́ ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ fún un ní ọ́síjìn, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ pátápátá, lára aláwọ̀ dúdú ó lè ka iye tó ga ju òótọ́ lọ, làálì àti ọwọ́ tútù náà sì máa ń dà á láàmú.

Lẹ́yìn náà ẹ tẹ èékánná fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kẹ́ẹ fi í sílẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá padà láàrin ìṣẹ́jú àáyá 2, tí ẹsẹ̀ tún tutù, tí pọ́ọ̀sì ju 130 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ẹ wá ojú iṣan fún dírípù. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣìsọ, ẹ gún un níka wo ṣúgà, tí ò bá tó 70 mg/dL, ṣúgà ni kẹ́ẹ tètè fún un. Kẹ́ẹ sì tú aṣọ, wo ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ẹ bò ó padà.

Tẹ́ẹ bá ń gbé e lọ Lọ́kọ́jà, ẹ tún mímí ẹ̀ kà kẹ́ẹ tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ kọ iye àti aago sínú ìwé tẹ́ẹ fi ń ránṣẹ́.