Bí a ṣe ń fi environment variable ṣètò AI agent tó ń kọ kóòdù

Mo gbà pé agent náà ti wà lórí kọ̀ǹpútà yín, kọ́kọ́rọ́ API (ọ̀rọ̀ àṣírí tí agent fi ń wọlé sí iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ni AI náà) sì ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìyẹn ò le.

Environment variable ni iye tó ní orúkọ, tí ètò tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè kà. Orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. ANTHROPIC_API_KEY ni Claude Code, agent ti ilé-iṣẹ́ Anthropic, ń wá. OPENAI_API_KEY ni ti OpenAI. Ẹ dà á kọ bó ṣe wà nínú ìwé àlàyé, ẹ má fi orí rò ó. Lórí Linux àti Mac, lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí kékeré.

Shell ni ètò tó ń gba àṣẹ tí ẹ bá tẹ̀ sí terminal, ó sì ní fáìlì tó máa ń kà bó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí fáìlì náà, ~/.bashrc, tàbí ~/.zshrc bó bá jẹ́ shell zsh lẹ ń lò, kí ẹ kọ èyí sí ìsàlẹ̀ pátápátá:

export ANTHROPIC_API_KEY="kọ́kọ́rọ́-yín"

Kò gbọdọ̀ sí àlàfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì = yẹn, ì báà ṣe ọ̀tún tàbí òsì. Nano, ètò kékeré tí a fi ń kọ fáìlì nínú terminal, ni mo fi ń kọ ọ́, ó tó. Ẹ má tẹ kọ́kọ́rọ́ tààrà sí terminal, history, àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀, máa tọ́jú rẹ̀ pamọ́.

Ibi tó ń dààmú èèyàn rèé. Ẹ ti kọ ọ́, ẹ ti fi pamọ́, agent ṣì ní òun ò rí kọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Ìgbà tí ètò kan bá ń bẹ̀rẹ̀ ló ń jogún environment lọ́wọ́ ètò tó ṣí i. Ohun tí ẹ bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn ò kàn án. Mo ti jókòó ti ẹnì kan tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó ń bú agent, agent ọ̀hún sì ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀. Ẹ pa agent, ẹ pa terminal, ẹ ṣí tuntun. Bó bá jẹ́ inú VS Code (ètò tí a fi ń kọ kóòdù) lẹ wà, ẹ pa VS Code fúnra rẹ̀. `source ~/.bashrc`, tó ń mú kí terminal tún fáìlì náà kà, yá jù ú lọ, ṣùgbọ́n terminal kan ṣoṣo yẹn ló ń tún ṣe, torí náà èmi kì í lò ó. Bákan náà ni setx, àṣẹ tí a fi ń tọ́jú environment variable lórí Windows: fèrèsé tuntun nìkan ló ń rí i.

Kí ẹ tó ṣí agent, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:

printenv ANTHROPIC_API_KEY | tail -c 5

Àmì mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan ló máa jáde, ẹni tó dúró lẹ́yìn yín ò ní rí odindi. Bí ò bá sí nǹkan kan, fáìlì mìíràn ni shell yín ń kà. Bó bá jẹ́ ti àtijọ́ ló jáde, ẹ wá export kejì nínú fáìlì náà; èyí tó wà nísàlẹ̀ jù ló ń borí.

Ẹ̀yin tó ń san owó oṣooṣù fún Claude, ẹ yọ ìlà export ANTHROPIC_API_KEY yẹn kúrò. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, Claude Code lè máa ná owó API yín, kí ó fi èyí tí ẹ ti san sílẹ̀.

Àwọn environment variable tó kù, bí ANTHROPIC_MODEL àti HTTPS_PROXY, ẹ kó wọn sábẹ́ "env" nínú ~/.claude/settings.json.

Bó bá jẹ́ .env, fáìlì tí a ń kọ environment variable sí nínú fódà iṣẹ́, lẹ fẹ́, orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ .gitignore (àkójọ ohun tí git, ètò tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù, ò gbọdọ̀ kó) ṣáájú commit àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ fi kóòdù pamọ́ sínú git. Bó bá ti wọlé, pípa fáìlì rẹ́ ò ran nǹkan kan, git ṣì ní i nínú ìtàn rẹ̀: ẹ fagi lé kọ́kọ́rọ́ náà, kí ẹ gba òmíràn. Àṣẹ tí agent bá sì ń ṣe máa ń jogún ohun tó wà nínú terminal yín, nítorí náà mi ò kì í ṣí i níbi tí password dátábéèsì àwọn oníbàárà wà.